Fíìmù Yín Nínú Ìrìn Àjò

Ní ọdún 2019, mo fi fíìmù síláìdì ya ìyá mi ní London. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, inú àpótí tó wọ ikùn bàálù ni mo kó fíìmù náà sí. Nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́, kùrukùru ti bo ojú ìyá. Màmá sì ti sùn nínú Olúwa. A kò lè tún wọn yà mọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo kọ́. Ẹ̀rọ X-ray tí a fi ń yẹ ẹrù inú bàálù wò lágbára púpọ̀. Ó ń ba fíìmù tí a kò tíì fọ̀ jẹ́. Bákan náà ni ẹ̀rọ CT tuntun tí a fi ń yẹ báàgì ọwọ́ wò. Ẹ kó fíìmù sínú ọ̀rá tí a lè rí inú rẹ̀, kí ẹ mú un lọ́wọ́, kí ẹ sì bẹ òṣìṣẹ́ pé kí ó fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. X-ray kì í ba èyí tí a ti fọ̀ jẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kó síláìdì sínú kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́kọ́ fẹ́ eruku rẹ̀ kúrò. Etí rẹ̀ nìkan ni kí ẹ dì mú. Ẹ pa ẹ̀dà mọ́ sí ibi méjì, ẹ má sì ju síláìdì náà nù.

Ẹ tètè ṣe é, nígbà tí bàbá àgbà ṣì lè sọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀.