Kí Ni Ìṣirò Náà Ń Béèrè?

Ọ̀rọ̀ ìṣirò àwọn ọmọ wa ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ó kan èmi pàápàá.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun iṣái, ọmọ mi tí ó wà ní pírámárì kẹrin gbé ìwé rẹ̀ wá bá mi. Ohun tí tíṣà fún un ṣe nìyí: Ìyá kan ra ọsàn 60. Ó tà 42 nínú wọn, 6 bàjẹ́. Ó pín ìyókù dọ́gbadọ́gba fún àwọn ọmọ rẹ̀ 4. Mélòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà? Ọmọ mi kọ 112. Gbogbo nọ́ńbà tí ó rí ni ó rò pọ̀! Mo jágbe mọ́ ọn, mo pè é ní olódo. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó pa ìwé dé.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi ni mo jẹ̀bi. Ọmọ náà mọ ìròpọ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ láti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n bi í. Kì í sì í ṣe ọmọ tiwa nìkan. Ní nǹkan bí ọdún 1980, ní Grenoble ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n bi ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ 97 léèrè pé: àgùntàn 26 àti ewúrẹ́ 10 wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ọmọ ọdún mélòó ni ọ̀gá ọkọ̀ náà? 76 nínú wọn fi àwọn nọ́ńbà náà ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀! Kí ni ó kan ewúrẹ́ nínú ọjọ́ orí ọ̀gá ọkọ̀?

Ọ̀jọ̀gbọ́n George Pólya kọ ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1945. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni ó là sílẹ̀: kí á mọ ohun tí wọ́n ń béèrè, kí á wá ọgbọ́n tí a ó dá sí i, kí á ṣe é, kí á sì wẹ̀yìn wò.

Lọ́jọ́ kejì mo bẹ ọmọ mi, mo sì kó òkúta wẹ́wẹ́ 60 sílẹ̀. Mo ní kí ó pa ìwé tì, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn náà. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Bàbá, ìyá náà kò lè pín èyí tí ó ti tà." Ó mú 42 kúrò, ó ku 18, ó mú 6 kúrò, ó ku 12, ó pín in sí ọ̀nà 4, ó jẹ́ 3. Mo ní kí ó wẹ̀yìn wò. 3 lọ́nà 4 jẹ́ 12. Ó fi 6 kún un, ó fi 42 kún un, ó pé 60. Ni ó bá bú sẹ́rìn-ín: "Bàbá, ta ni yóò gba ọsàn 112 nínú 60?"

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ kò tilẹ̀ kàwé, ẹ lè ṣe èyí. Ẹ má sọ ìdáhùn fún ọmọ, ẹ má sì mú pàṣán. Ẹ bi í pé: Kí ni wọ́n ń béèrè? Kí ni a ti mọ̀? Ǹjẹ́ ìdáhùn rẹ bọ́gbọ́n mu? Abèèrè kì í ṣìnà. Lọ́la, nínú ọjà tàbí nídìí ogún pínpín, kò ní sí tíṣà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.