Ìyálé àti ìyàwó nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo

Ọkùnrin tó bá máa kó ìyàwó méjì sínú ilé kan, ó gbọ́dọ̀ mọ ilé é tò. Bí kò bá mọ̀ ọ́n tò, àtàárọ̀ dalẹ́ ni aráàdúgbò á máa gbọ́ ariwo. Bẹ́ẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà rí báyìí, àgàgà láti October 14, 2025, tí ilé iṣẹ́ Microsoft ti ní àsìkò Windows 10 ti pé, tí kálukú wá ń sáré kiri nítorí Windows 11.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, ká ní iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló ń ṣe ní Sábó, Ṣàgámù. Inú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó rà ní Ọ̀tìgbà, n'Íkẹjà, ni gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ wà: ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, káàdì ìgbéyàwó, títí dórí project àwọn ọmọ Gateway Polytechnic, Sápàdé. Ẹ̀rọ kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó ń gé sítíkà, ó ti gbó díẹ̀, Windows àtijọ́ nìkan ló gbọ́ èdè ẹ̀.

Ẹnjiníà àdúgbò wá dé. Ó ní, "Mummy, ẹ jẹ́ n bá yín fi tuntun sí i, kò ní í pẹ́." Ìyá ní, "Ọmọ mi, ṣé nǹkan mi ò ní í sọ nù?" Ó ní, "Kò séwu, mà." Kó tó dìrọ̀lẹ́, ó ti fọ́máàtì ẹ̀ pátápátá. Kọ̀ǹpútà ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n sítíkà ò gé mọ́, àwòrán bàbá tí wọ́n fẹ́ẹ́ sin ní Friday náà ti lọ. Ta ló fẹ́ẹ́ jí òkú pé kó wá jókòó, kí wọ́n tún un yà?

Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Inú àkísà tí ọmọ yẹn kó dà nù ni oúnjẹ ìyá yẹn wà.

Bẹ́ẹ̀, kò pọn dandan kí wọ́n lé ìyálé kí ìyàwó tó wọlé. Windows 10 àti Windows 11 lè jọ gbé inú kọ̀ǹpútà kan. Bí wọ́n bá ti tàn án, á kọ́kọ́ béèrè pé èwo lẹ fẹ́ẹ́ lò. Ẹnì kan ló ń dáná lọ́jọ́ kan: bí ọ̀kan bá ń ṣiṣẹ́, èkejì á máa sùn. Ìyá yìí á máa fi àtijọ́ gé sítíkà, á sì máa fi tuntun ṣe ìyókù.

Ó yẹ kó tètè yé ará Ṣàgámù. Ìlú mẹ́tàlá ló kóra jọ lọ́dún 1872 tó di Ṣàgámù, síbẹ̀ Ọ̀fin ò di Mákùn. Akárìgbò wà láàfin ẹ̀, Ewùsì wà láàfin tiẹ̀, kálukú mọ ààlà ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pín háàdì díìsìkì náà nìyẹn, partition ni wọ́n ń pè é.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, kí wọ́n kọ́kọ́ da gbogbo iṣẹ́ sórí háàdì díìsìkì mìíràn tó wà níta. Ẹni tó bá ti BitLocker pa, kó kọ nọ́ńbà 48 tó fi ń ṣí i sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lọ sí Disk Management, kí wọ́n gé àyè sílẹ̀ lára èyí tí Windows 10 wà, ó kéré tán 64GB. Àyè òfìfo yẹn nìkan ni kí wọ́n nawọ́ sí nígbà tí wọ́n bá ń gbé Windows 11 wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má tẹ "Delete" o!

Ìyálé ló ń kọ́kọ́ wọlé. Windows tó jẹ́ àgbà kò mọ àbúrò tí wọ́n bí lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó bá gbé Windows XP ti 2001 wọ inú kọ̀ǹpútà tí Windows 7 ti 2009 ti wà, ńṣe ni XP á gba ẹnu ọ̀nà, Windows 7 ò sì ní í ríbi jáde títí wọ́n á fi tún un ṣe. Tuntun ní tiẹ̀ mọ ẹ̀gbọ́n, á fàyè sílẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà.

Ó tún ku ọ̀kan: kí wọ́n pa ohun tí wọ́n ń pè ní fast startup. Òun ni kì í jẹ́ kí Windows sùn tán bí wọ́n bá pa kọ̀ǹpútà. Bí èkejì bá lọ tú ẹrù ẹni tí kò sùn tán, fáìlì lè bàjẹ́.

Kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ni Windows 11 ń gbà wọlé o. Ó fẹ́ RAM 4GB àti TPM 2.0, ọ̀pọ̀ Intel tó sì ṣáájú generation 8 ti 2017 ni kò gbà. Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kówó tó jáde.

Bí ìyálé bá ti dàgbà, wọn kì í rán an lọ sọ́jà alariwo mọ́. Ẹ má fi Windows àtijọ́ wọ báńkì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi sílé kó máa gé sítíkà ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹnjiníà tó bá sì ní "Kò séwu, mà," ẹ kọ́kọ́ bi í pé níbo ló da iṣẹ́ yín sí.