Ta Ni Yóò San Owó Ìkọ́ṣẹ́ Wọn?

Kò sí ọmọ Yorùbá kan tí ó di oníṣẹ́ ọwọ́ lásán. Bí aránṣọ bá jókòó sí ìdí ẹ̀rọ rẹ̀ lónìí, bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá di ayùn mú, tí akọ̀wé sì ń fi gègé jẹun, ẹnì kan ni ó ti sanwó ṣáájú: baba ni, tàbí ìyá, tàbí ẹ̀gbọ́n, tàbí ìjọba tí ó kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Àwọn baba wa mọ èyí dájú. Nígbà tí wọ́n bá mú ọmọ lọ bá ọ̀gá, wọn a san owó ìkọ́ṣẹ́, wọn a ra ohun èlò, wọn a sì máa ka ọdún. Nígbà tí ọdún bá pé, ọmọ a gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pe owó náà ní àánú. Owó ìkọ́ṣẹ́ ni wọ́n ń pè é.

Èéṣe, nígbà náà, tí ó fi jẹ́ pé bí ọmọ náà bá jẹ́ afọ́jú, tàbí adití, tàbí arọ, owó kan náà a di sàráà lẹ́nu wa? A ó kó kẹ̀kẹ́ arọ àti àpò ìrẹsì jáde ní ọjọ́ ayẹyẹ, a ó ya àwòrán, ìwé ìròyìn yóò sì gbé e jáde. Láìpẹ́ ìrẹsì a tán, ọ̀dọ́ náà a sì wà níbi tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Àwa ń sọ ọ́ láìfi bò pé èyí kì í ṣe ìrànlọ́wọ́, bí kò ṣe ọ̀nà láti sá fún ojúṣe. Oúnjẹ ọjọ́ kan kọ́ ni ọ̀dọ́ aláàbọ̀ ara ṣe aláìní. Iṣẹ́ tí yóò máa bọ́ ọ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni.

Àwọn kan yóò dáhùn pé Yorùbá kò kórìíra aláàbọ̀ ara. Òtítọ́ ni. Àwọn baba wa ka àfín, abuké àti arọ sí ẹni òrìṣà; wọ́n ní Ọbàtálá ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, èèwọ̀ sì ni láti fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀wọ̀ dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kò ra ẹ̀rọ ìránṣọ, ọ̀wọ̀ kò sì kọ́ afọ́jú bí a ti ń fi ìka ka ìwé. Ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún tí a kò sì kọ́ níṣẹ́, ẹ̀yìn ọ̀wọ̀ náà ni yóò ti máa ṣagbe.

Ẹ jẹ́ kí a wo òfin. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, ààrẹ Nàìjíríà buwọ́ lu òfin tí ó ka fífi ìyà ìyàsọ́tọ̀ jẹ aláàbọ̀ ara léèwọ̀. Òfin náà sọ pé ẹ̀kọ́ wọn yóò jẹ́ ọ̀fẹ́ títí dé òpin ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó tún sọ pé ní àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba, ó kéré tán, 5 nínú 100 àwọn òṣìṣẹ́ yóò jẹ́ aláàbọ̀ ara. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ó fara balẹ̀ ka ìwé náà: àwọn aṣòfin ti fi ọ̀rọ̀ kékeré kan há a láàrin, pé kí ó rí bẹ́ẹ̀ níwọ̀n bí ó bá ti ṣe é ṣe tó. Ẹ̀yin òǹkàwé, ta ni kò mọ ohun tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ yóò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe? Yóò ní òun wá aláàbọ̀ ara tí ó mọ iṣẹ́ títí, òun kò rí i. Ohun tí ó sì burú jù ni pé, nígbà mìíràn, kò ní purọ́.

Nítorí òfin náà mọ ògiri sí etí odò níhìn-ín, ó sì mọ òmíràn sí etí odò lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kò tẹ́ afárá. Ọmọ ti jáde ní girama. Iṣẹ́ wà ní òdì kejì. Láàrin méjèèjì, ta ni yóò san owó ògbufọ̀ tí yóò máa fi ọwọ́ sọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá fún adití? Ta ni yóò ra kọ̀ǹpútà tí ń ka ìwé sókè fún afọ́jú? Ta ni yóò gba ọ̀dọ́ náà sí ibi iṣẹ́ fún oṣù díẹ̀, kí ó lè mọ bí a ti ń ṣe láàrin òṣìṣẹ́ kí ó tó wá iṣẹ́ tirẹ̀?

Kì í ṣe pé a kò ní ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ́. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní 1960 ni ẹgbẹ́ aláàánú kan ti dá ibi ìkọ́ṣẹ́ àwọn afọ́jú sílẹ̀ ní Òṣòdì. Ní 1962 ni ilé ẹ̀kọ́ afọ́jú Pacelli bẹ̀rẹ̀ ní Súrùlérè. Láti 1977 ni a sì ti ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yọ́, tí ń kọ́ àwọn tí yóò máa kọ́ aláàbọ̀ ara. Olùkọ́ wà. Ohun tí kò sí ni owó tí a lè gbójú lé. Ilé ìkọ́ṣẹ́ tí ń wo ojú ọlọ́rẹ lọ́dọọdún kò lè mọ iye ọmọ tí òun yóò gbà ní ọdún tí ń bọ̀.

Ẹ wo bí àwọn ẹlòmíràn ti tẹ́ afárá tiwọn. Ní Jámánì, ìdá 5 nínú 100 kan náà ni òfin là sílẹ̀, fún gbogbo agbanisíṣẹ́ tí ó bá ní òṣìṣẹ́ 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mú un ṣẹ yóò sanwó, owó náà kò sì gbọdọ̀ lọ síbòmíràn ju ọ̀ràn iṣẹ́ àwọn aláàbọ̀ ara lọ. Ní Amẹ́ríkà, òfin 2014 pàṣẹ pé ó kéré tán, 15 nínú 100 owó tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn ìpínlẹ̀ láti fi mú aláàbọ̀ ara dé ibi iṣẹ́, kí ó jẹ́ ti àwọn tí ó ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n mọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti mọ̀, pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ẹnì kan yóò wí pé: àwọn tí ara wọn pé gan-an kò rí iṣẹ́, kí ni a ń sọ nípa aláàbọ̀ ara? A gbọ́. Ṣùgbọ́n àjọ ìlera àgbáyé sọ pé ẹnì kan nínú ènìyàn 6 ni aláàbọ̀ ara. Ìdílé wo ni kò kàn? Ẹ sì wo afọ́jú tí ń ṣagbe ní òpópónà: ọmọ kékeré kan ni ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ọmọ tí ó yẹ kí ó wà ní kíláàsì. Ẹni kan tí a kò kọ́ níṣẹ́ ti sọ ẹni méjì di aláìníṣẹ́. Ìyẹn ni owó tí ó wọ́n jù.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè sọ pé kò sí owó. Láti 1971 ni àpò ìkọ́ṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tí a ń pè ní ITF, ti wà. Àwọn agbanisíṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ń san 1 nínú 100 owó iṣẹ́ tí wọ́n ń san lọ́dún sínú rẹ̀. Láti 1973 ni àpò yìí ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ibi iṣẹ́ láti fojú rí i. A kò sọ pé kò ṣe aláàbọ̀ ara lóore rí. Ó ti kọ́ àwọn kan. Ṣùgbọ́n oore tí ó wù wá ni a ń ṣe nígbà tí ó bá wù wá. Ohun tí òfin bá pín kò dúró de ìfẹ́ inú ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni àwa ń bèèrè. Kí òfin ya ìpín kan sọ́tọ̀ nínú àpò náà fún àwọn ọ̀dọ́ aláàbọ̀ ara, iye rẹ̀ kí ó sì hàn sí gbogbo ènìyàn. Kí a yọ "bí ó bá ti ṣe é ṣe tó" kúrò, kí ilé iṣẹ́ tí kò bá pé ìdá 5 máa sanwó sí ìkọ́ṣẹ́ wọn. Kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Yorùbá sì kọ owó ògbufọ̀ àti ti ohun èlò sínú ìṣirò ọdún rẹ̀, ní orúkọ tirẹ̀, kì í ṣe lábẹ́ ìtọrẹ.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ má rò pé ìjọba nìkan ni a ń bá wí. Ẹgbẹ́ tí ó lè dá aṣọ ẹbí lè dá owó ìkọ́ṣẹ́ ọmọ kan. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ojú kò là fún lè gba ọ̀nà etí wọ̀ ọ́. Ẹni tí etí dí fún lè gba ti ọwọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yòówù tí ó bá gbà, ẹnì kan ni ó gbọ́dọ̀ san owó oníbodè. Wọ́n san án fún wa nígbà tiwa. Ẹ jẹ́ kí a san án fún wọn.