Ẹ Pè É, Ẹ sì Lé E

Ẹ̀yin àgbà Wikipedia, ẹ̀yin ni mo bá wí. Láti ọdún 2001 ni ẹ ti ń pe tọmọdé tàgbà pé kí wọ́n wá bá yín kọ ìwé ìmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì náà lọ́fẹ̀ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ìpè, ó kọ ìtàn ìlú rẹ̀. Kò tíì dìde tí ẹ fi pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́. Ìkìlọ̀ tí ẹ ti kọ sílẹ̀ de ẹnikẹ́ni ni ẹ jù sí i, bí ìwé ìpè ilé ẹjọ́!

Mo gbà pé ó ṣẹ̀: kò tọ́ka sí ìwé kankan. Ẹni tí a bá sì kìlọ̀ fún títí tí ó kọ etí ikún, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. N kò ní bá a bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà ẹ̀yin fúnra yín ni ó ní kí ẹ má ṣe bu ẹni tuntun jẹ. Ta ní ń bá yín wí bí ẹ bá rú u? Lẹ́yìn ọdún 2007 ni iye àwọn tí ń kọ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Àwọn olùwádìí sì rí i pé pípa tí ẹ ń pa iṣẹ́ ẹni tuntun rẹ́ wà lára ohun tí ó fà á. Ti Yorùbá, tí ọwọ́ kò pọ̀ nídìí rẹ̀, ńkọ́?

Ohun tí mo ń bèèrè kò le: ẹni tí ó bá pa iṣẹ́ àlejò rẹ́, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìdí rẹ̀ sí i.