Ìsọ̀ Omi Èso ní Ilé Eré Ìdárayá

Bí ènìyàn bá rin àwọn àdúgbò ńláńlá ìlú Èkó já lónìí, tàbí tí ó bá ya Ìbàdàn, kò ní pẹ́ kí ó tó rí ilé eré ìdárayá, níbi tí tọkùnrin tobìnrin ti ń gbé irin, tí wọ́n ń sáré lórí ẹ̀rọ láìkúrò lójú kan, tí wọ́n sì ń làágùn bí ẹni tí ó ń ṣán igbó. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó roko, tí ó gúnyán, tí ó sì ru ẹrù lọ sí ọjà ní ẹsẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ bí a ti ń làágùn. Ṣùgbọ́n ìjókòó nínú ọkọ̀ àti nínú ọ́fíìsì ti gba ọjọ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́, ó sì di dandan kí á máa fi owó ra ohun tí àwọn baba ńlá wa ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni àṣà kan ti ń gbilẹ̀: onílé a ya igun kan sọ́tọ̀ nítòsí ẹnu ọ̀nà, a gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, a to ìbẹ́pẹ, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, bàrà olómi àti ọsàn sórí pẹpẹ, a sì máa ta omi wọn fún ẹni tí ó ti ṣe eré tán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ire ni. Ire wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ire náà kò tó ariwo tí a ń pa lé e lórí, ewu ibẹ̀ kò sì hàn sí ojú lásán.

Àṣà náà kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1936, ní ìlú Oakland ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Jack LaLanne ṣí ilé eré ìdárayá nígbà tí ó wà ní ẹni ọdún 21. Ìsọ̀ omi èso àti ìsọ̀ oúnjẹ aṣaralóore wà nínú ilé náà pẹ̀lú àwọn irin tí wọ́n ń gbé. Ohun tí ó gbé e dé ibẹ̀ yẹ fún ìrántí. Ní kékeré rẹ̀, ohun dídùn ni ó gba ọkàn rẹ̀. Ṣúgà ni ó ń jẹ ṣáá, ara rẹ̀ kò sì le. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 15, ó gbọ́ àsọyé tí Paul Bragg ṣe lórí oúnjẹ àti ìlera, ó sì yí ìwà padà pátápátá. Nígbà tí ó ṣí ilé rẹ̀, àwọn oníṣègùn kan ń kìlọ̀ fún ènìyàn pé irin gbígbé yóò ba ọkàn wọn jẹ́. Kò yẹsẹ̀. Láti 1951 ni ó ti ń kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ní eré ìdárayá lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, ẹni ọdún 96 sì ni kí ó tó kú ní 2011. Ẹni tí ó sá fún ṣúgà ni ó gbé ìsọ̀ omi èso kalẹ̀ nígbà náà. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó tẹ̀lé ipa rẹ̀ ti gba ẹ̀yìnkùlé gbé ṣúgà náà wọlé padà.

Kí á tó dá onílé lẹ́jọ́, ó tọ́ kí á gbọ́ tirẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n, iná mànàmáná kì í dúró, epo jẹnẹrétọ̀ kò dínwó, onílẹ̀ sì ń retí owó ilé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, èrò a kún bí ọjà. Bí oṣù mélòó kan bá kọjá, ìpinnu ọdún tuntun a tutù, àwọn tí ó kù a sì ṣeé ka lórí ìka. Ìsọ̀ omi èso ń mú owó díẹ̀díẹ̀ wọlé lójoojúmọ́. Yàtọ̀ sí owó, ẹni tí ó bá jókòó mu nǹkan a bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹni tí ó bá sì ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀ kì í tètè dá ẹsẹ̀ dúró. Ìdí wọ̀nyí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo ni ti ṣúgà. Ẹ jẹ́ kí á fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí oníṣègùn sọ fún pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń gòkè, pé bí kò bá máa rìn, tí kò sì ṣọ́ ẹnu, àtọ̀gbẹ ni yóò wá bá a nílé. Ìyá bẹ̀rù, ó san owó, ó sì ń lọ sí ilé eré ìdárayá ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ó rìn lórí ẹ̀rọ fún 30 ìṣẹ́jú, ó làágùn, ó sọ̀ kalẹ̀. Ọmọkùnrin tí ó wà ní ìsọ̀ tẹrí ba, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ́mì. Ẹ mu èyí kí agbára yín lè padà."

Ìyá bèèrè pé, "Ọmọ mi, ṣé ṣúgà kò sí nínú rẹ̀?"

Ó dáhùn pé, "Rárá o, mà. Èso pọ́ńbélé ni."

Ìyá mu ún tán, ó sì fi ayọ̀ lọ sílé.

Ọmọ náà kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́, nítorí kò bu ṣúgà kankan sí i. Ṣùgbọ́n èso fúnra rẹ̀ ní ṣúgà. Ife omi ọsàn kan tí ó gba 240 mìlílítà ní ṣúgà tí ó lé ní 20 gíráàmù, èyí tí ó tó ṣíbí kékeré márùn-ún, ó sì ń fún ara ní nǹkan bí 110 kálórì. Ife tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ kì í sábà kéré bẹ́ẹ̀. Bí ó bá tó ìdajì lítà, ó ju 220 kálórì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn tí ó wọn 70 kílò, tí ó yára rìn fún 30 ìṣẹ́jú, kì í lò ju nǹkan bí 150 lọ. Bí wọ́n bá tún da oyin tàbí wàrà dídùn inú agolo sí i kí ó lè dùn lẹ́nu, ìṣirò náà a burú sí i. Ìyá tí ó wá sọ ẹrù kalẹ̀ ti ru èyí tí ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ padà sílé, ó sì sanwó fún méjèèjì.

Ẹnìkan lè ní, ṣé kì í ṣe ọsàn kan náà ni àwọn baba wa ń mu, tí ara wọn sì le? Ọsàn kan náà ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó jókòó ti ọlọ́sàn lẹ́bàá ọ̀nà rí, tí ó ní kí wọ́n bó mẹ́fà fún òun nìkan, tí ó sì mu ún tán láàárín ìṣẹ́jú méjì? Bí ènìyàn bá mu méjì tàbí mẹ́ta, ẹnu a rẹ̀ ẹ́, inú rẹ̀ a sì sọ fún un pé ó tó. Ẹ̀rọ kì í rẹ̀; ó ń gba ọsàn mẹ́fà láti kún ìdajì lítà, ọ̀nà ọ̀fun kò sì ní mọ̀ pé mẹ́fà ni. Kí ẹni tí ó bá ti rí obìnrin tí ń sẹ́ ògì rí rántí èèrí tí ó máa ń kù lórí asẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ẹ̀rọ tí ń fún omi èso: omi dídùn á ṣàn bọ́ sínú ife, ohun tí ń mú kí èso pẹ́ nínú ikùn, tí kì í jẹ́ kí ṣúgà rẹ̀ ya wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á sì kù sẹ́yìn. Èèrí ògì, ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Tí a bá ń wo bí ewúrẹ́ ṣe máa ń dán, ó fẹ́ẹ̀ dà bí ẹni pé òun ni ó gbọ́n jù níbẹ̀. (Ẹ̀rọ tí ń lọ èso tinú-tòde, bí ẹni lọ ata, sàn díẹ̀ ju èyí tí ń sẹ́ ẹ lọ, nítorí kò da nǹkan nù.)

Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2015, wọ́n ka ṣúgà inú omi èso mọ́ èyí tí a fi ọwọ́ bù sínú tíì, àti mọ́ oyin; wọn kò ka ti odindi èso mọ́ ọn. Wọ́n ní kí gbogbo rẹ̀ má ju ìdá mẹ́wàá oúnjẹ òòjọ́ lọ, pé ó tilẹ̀ sàn kí ó má tó ìdá ogún. Fún ẹni tí ń jẹ 2,000 kálórì lójúmọ́, ìdá ogún yìí jẹ́ 25 gíráàmù. Ife kékeré kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ tán kí onítọ̀hún tó fẹnu kan oúnjẹ. Ẹni tí ó sáré fún wákàtí méjì lè jàǹfààní omi ọsàn, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n mélòó ni ó ń sáré fún wákàtí méjì?

Ti ìmọ́tótó tún wà níbẹ̀. Ní 1996, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà àti ní Kánádà, omi èso ápù tí wọn kò fi iná pa kòkòrò inú rẹ̀ mú àwọn ènìyàn tí ó lé ní 60 ṣàìsàn, ọmọ kékeré kan sì kú. Ní 1998, ìjọba Amẹ́ríkà pa á láṣẹ pé kí a kọ ìkìlọ̀ sára ìgò omi èso tí a kò bá fi iná tọ́jú; ṣùgbọ́n òfin ìkìlọ̀ náà kò de èyí tí a fún sínú ife ní ìsọ̀. Ọwọ́ ẹni tí ó fún un nìkan ni ẹni tí ń mu ún gbẹ́kẹ̀ lé. Nílẹ̀ wa, ọwọ́ náà ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Níbo ni wọ́n ti rí omi tí wọ́n fi dì yìnyín? Iná lọ ní òwúrọ̀, ṣé ìbẹ́pẹ tí a gé kalẹ̀ kò tíì kan? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò náà ńkọ́, ṣé orí igi ni wọ́n ti gbó, tàbí káábáìdì ni oníṣòwò fi mú wọn pọ́n, èyí tí àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà? Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí, kí ó ṣì fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú páálí.

Kò yẹ kí a tìtorí èyí ti ìsọ̀ náà pa. Kí omi mímọ́ jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ojú yóò rí níbẹ̀, kí ó sì jẹ́ ọ̀fẹ́, nítorí omi ni òùngbẹ ń wá. Kí ife omi èso kéré. Iṣẹ́ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ènìyàn má mu ju 150 mìlílítà lọ lójúmọ́. Kí wọ́n kọ iye ṣúgà inú ife sára pátákó tí wọ́n kọ iye owó sí. Kí ọsàn bíbó àti bàrà gígé wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ dídùn. Ẹni tí ó sì gbé irin, tí ó fẹ́ kí iṣan rẹ̀ le, mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin kan yóò ṣe é lóore ju ife ọ̀pẹ̀ òyìnbó mẹ́ta lọ, bí kò tilẹ̀ dán lójú àwòrán bíi tirẹ̀.

Onílé yóò ní èrò kò ní ra irú ọjà bẹ́ẹ̀, pé dídùn ni wọ́n ń fẹ́. Èrò kò fẹ́ gbé irin náà ní 1936. Ohun tí ó ṣe kókó ni pé ẹni tí oníṣègùn rán wá kò gbọdọ̀ gba ìdáhùn tí kò péye ní ẹnu ọ̀nà ilé tí ó wá fún ìlera. Nítorí náà, ọmọkùnrin tí ó wà ní ìsọ̀ ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́, ṣáájú ẹ̀rọ àti ṣáájú pátákó, kí ó lè jẹ́ pé nígbà tí ìyá bá bi í léèrè, yóò lè sọ pé, "Ṣúgà wà nínú rẹ̀, mà. Ti èso ni, ṣùgbọ́n ṣúgà ni. Omi tútù nìyí. Bí ẹ bá sì fẹ́ ọsàn, ẹ jẹ́ kí n bó ẹyọ kan fún yín."