Ìwé Ìrìnàjò Fágúnwà

Bí a bá dárúkọ D. O. Fágúnwà ní àwùjọ àwọn ọmọ Yorùbá, igbó ni gbogbo ènìyàn yóò kọ́kọ́ rántí: Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí ó jáde ní 1938, Igbó Olódùmarè ní 1949, àti Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje ní 1954. Ọlá tí a fi fún àwọn ìwé wọ̀nyí tọ́ sí wọn, àwa kò sì fẹ́ dín in kù. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó nínú àwọn ọlọ́lá àti ọ̀mọ̀wé tí ń ka ìwé wa yìí ni ó ti fi ojú kan Ìrìnàjò, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1949, tí apá kejì sì jáde ní 1951?

Òkè-Igbó ni a bí ọkùnrin yìí sí ní 1903. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní St. Andrew's College, Ọ̀yọ́, ó sì di olùkọ́. Ní 1946 ó kọjá sí Ìlú Ọba láti kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Àwọn mìíràn wà tí kò sí ohun tí wọ́n mú bọ̀ láti ìdálẹ̀ bí kò ṣe fìlà tuntun àti ohùn tí wọ́n ń ti imú sọ. Fágúnwà ní tirẹ̀ jókòó, ó sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ní èdè Yorùbá.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀ràn yìí ti wúwo tó. Clapperton gúnlẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1825, ó sì rìn títí dé Ọ̀yọ́ Ilé. Lander àti àbúrò rẹ̀ tọ ọ̀nà kan náà ní 1830. Gbogbo wọn ni ó kọ ìwé nípa àwọn baba wa, àwọn ará ilé wọn ni wọ́n sì kọ ọ́ fún. Ajayi Crowther pàápàá, tí ó bá ọkọ̀ gòkè Odò Ọya ní 1841 àti 1854, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ìròyìn rẹ̀, nítorí àwọn tí ó rán an níṣẹ́ ni yóò kà á. Fágúnwà ṣe é ní òdìkejì: òyìnbó di ìran, ọmọ Òkè-Igbó di òǹwòran, àgbẹ̀ tí ó mọ ìwé díẹ̀ ní abúlé sì lè ka ohun tí ó rí.

Àwọn kan ń wí pé ìwé ìrìnàjò kò dùn tó ìwé iwin. Ṣé wọ́n ti gbàgbé ni pé arìnrìnàjò ni Àkàrà-Ògùn? Ọba rán òun àti Kàkò àti Ìmọ̀dóye àti àwọn akíkanjú yòókù lọ sí Òkè Lángbòdó, ọgbọ́n tí Ìrágbèje kọ́ wọn ni wọ́n sì mú bọ̀ wá sí ilé. Ìrìn tí Fágúnwà fi ẹnu ọdẹ sọ ní 1938 ni òun tìkára rẹ̀ rìn lẹ́yìn náà.

Omi gbé e lọ ní ìtòsí Bídà ní oṣù Disẹ́ḿbà 1963. Lẹ́nu ìrìnàjò náà ni. Ní 1968 Wole Soyinka yí Ògbójú Ọdẹ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, aráyé sì mọ igbó náà. Àwọn ọmọ wa kún Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà lónìí; mélòó nínú wọn ni ó ń kọ ìròyìn ibẹ̀ sí wa ní èdè ìyá wọn?

A bẹ ẹnikẹ́ni tí ó bá ní Ìrìnàjò nínú àpótí baba rẹ̀, apá kìíní tàbí èkejì, kí ó gbà á lọ́wọ́ ikán, kí ó sì fi í han àwọn olùkọ́ ìlú rẹ̀.