Ọ̀nà Kan Kò Wọjà

Àwọn kan láàárín wa gbà pé ẹni tó bá fọwọ́ kan òfin Einstein kò mọ̀wé. Àwọn mìíràn ń yọ̀ bí wọ́n bá ti gbọ́ pé a ń yẹ òfin náà wò. Wọ́n á ní ṣebí àbá òyìnbó lásán ni, àwọn babaláwo wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ìhà méjèèjì ló ṣìnà.

Ní 1998, àwọn onímọ̀ rí i pé fífẹ̀ tí àgbáálá ayé ń fẹ̀ ń yára sí i. Kí ló ń tì í? Ọ̀pọ̀ pè é ní agbára òkùnkùn, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Àwọn díẹ̀ ní kò sí ohun tó fara pamọ́, pé òfin òòfà tí Einstein gbé kalẹ̀ ní 1915 ló yẹ kí a tún ṣe. Àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ yí àlàyé wa nípa ihò dúdú padà.

Ìtàn kò jẹ́ kí a fi wọ́n ṣẹ̀sín. Nígbà tí Uranus kò rìn bí òfin Newton ti wí, Le Verrier ní ohun kan tí a kò rí ló ń fà á. Ní 1846, a rí Neptune. Nígbà tí Mercury náà yapa, ó tún ní ohun kan fara pamọ́. A wá a títí, a kò rí i. Òfin Newton ni kò tó. Einstein ló tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n Einstein náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìdánwò. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1919, Eddington wo ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ lẹ́bàá oòrùn tí òṣùpá bò, ní erékùṣù Príncipe, nínú òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ 2017, ìgbì òòfà àti ìmọ́lẹ̀ láti ara ìràwọ̀ méjì tó kọlu ara wọn dé ọ̀dọ̀ wa, lẹ́yìn ìrìn àjò bíi 130 mílíọ̀nù ọdún. Ìṣẹ́jú-àáyá méjì kò pé láàárín wọn. Púpọ̀ nínú àwọn òfin tuntun ti sọ pé eré wọn kò ní dọ́gba. Ibẹ̀ ni wọ́n kú sí.

Ẹni tó ní Ifá ti sọ gbogbo rẹ̀ kò dán ohunkóhun wò. Kì í ṣe Ifá ni a ń bú. Àwa tí a ń fi í bo ọ̀lẹ wa ni. Ní Ìbógun, níbi tí Yunifásítì Olabisi Onabanjo ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ní òun fẹ́ yẹ Einstein wò, kí á má ṣe fi í rẹ́rìn-ín, kí á má sì tíì pàtẹ́wọ́ fún un. Kí á bi í pé: kí ni a ó rí bí àbá rẹ kò bá jẹ́ òótọ́? Ọ̀nà kan kò wọjà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì dé ọjà kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀nà tòun ló já síbẹ̀.